Kílíníìkì àbí Wọ́ọ̀dù: Bí Dókítà Kan ní Àkúrẹ́ Ṣe To Rank List Rẹ̀

Dókítà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ obìnrin, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ medical officer ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àkúrẹ́. Ó ti ṣe housejob, ó ti sin ìjọba, ó ti yege Step 1 àti Step 2 CK (ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà) àti OET (ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì), ECFMG, àjọ tó ń yẹ ìwé dókítà tó ti òkè òkun wá wò, sì ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ló fi ìwé ránṣẹ́ lórí ERAS, ojú òpó ìwé ìbéèrè, fún residency (ẹ̀kọ́ ìmọ̀ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́) internal medicine (ìtọ́jú àrùn àgbàlagbà tí kò gba ọ̀bẹ) ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí oṣù kìíní 2025 fi máa parí, ilé ìwòsàn márùn-ún ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò: ọ̀kan ní Connecticut, ọ̀kan ní Michigan, ọ̀kan ní New York, ọ̀kan ní Ohio, ọ̀kan ní Pennsylvania. Ti Connecticut àti ti New York ní ọ̀nà méjì tí èèyàn lè gbà wọlé: categorical, èyí tó wọ́pọ̀, tó tẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, àti primary care, èyí tó tẹ̀ sí kílíníìkì. Àwọn mẹ́ta yòókù, categorical nìkan ni wọ́n ní. Ohun tó lè wà lórí rank list rẹ̀, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń to ibi tó fẹ́ lọ bó ṣe fẹ́ wọn sí, wá di méje, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta sì ni NRMP, àjọ tó ń pín dókítà sí ilé ìwòsàn, máa ti ojú òpó tí wọ́n ń fi í sí. Ó ní òun fẹ́ràn kílíníìkì, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ka ọkàn (cardiology) mọ́ òun.

Àárín ẹbí ni wàhálà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ dókítà, tó ti fẹ̀yìn tì, Dádì ni ọmọ náà ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ń wo primary care, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Primary care bíi ti báwo? Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà lẹ́yìnkùlé wa kò tó ọ, o tún fẹ́ wọ bàálù lọ bá a ní Amẹ́ríkà?”

“Dádì, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Dókítà gidi náà ni wọ́n.”

“Ta ló ní wọn kì í ṣe dókítà? Mo ní o ò ní lè fọwọ́ kan ọkàn mọ́ láyé.”

Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí ló dúró sí ọmọ náà lọ́kàn. Kò sì yẹ kí a dá bàbá yìí lẹ́bi púpọ̀. Ní Nàìjíríà, oríta gidi ni. West African College of Physicians àti National Postgraduate Medical College ya Family Medicine sọ́tọ̀, wọ́n ya Internal Medicine sọ́tọ̀. Ìdánwò wọn kì í ṣe ọ̀kan, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń yí ká kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó wọ Family Medicine yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, yóò gbẹ̀bí, yóò dé iyàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó wọ Internal Medicine, àrùn àgbàlagbà tí kò gba ọ̀bẹ ni tirẹ̀, tó bá sì ti yege Part I, tó di senior registrar, yóò mú ẹ̀yà kan dání: ọkàn, kíndìnrín, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta jókòó sínú Family Medicine, tó wá ń wá ẹ̀ka ọkàn, àfi kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ojú yìí ni Dádì fi ń wo Amẹ́ríkà.

Lọ́hùn-ún, Family Medicine dá dúró, ó ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ABFM. Ṣùgbọ́n primary care tí ọmọ náà ń sọ wà nínú internal medicine fúnra rẹ̀. Ilé kan náà ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló di méjì. Ìwé àṣẹ kan láti ọ̀dọ̀ ACGME, àjọ tó ń ṣòfin residency, ló wà lórí méjèèjì, oṣù 36 ni méjèèjì, ìdánwò ABIM (bọ́ọ̀dù internal medicine) kan náà ni wọ́n ń ṣe ní ìparí, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá sì gbà kò sọ ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé. Kóòdù wọn lórí NRMP ló yàtọ̀: ti categorical ń parí sí C0, ti primary care sí M0. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì ní ilé ìwòsàn kan gbọ́dọ̀ to méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá to ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kò ní bá a ronú kan èkejì.

Ibi tí ọjọ́ ń lọ

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ẹ̀rí ti jẹ́ ọ̀kan, àkókò ni gbogbo ìyàtọ̀ tó kù. Òfin ACGME tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 ní kí residency internal medicine fi ó kéré tán oṣù 10 tọ́jú àwọn tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, oṣù 10 fún àwọn tó ń ti ilé wá, àti oṣù 6 fún ohun tí olúkúlùkù bá fẹ́ fi kún ìmọ̀ rẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 26 nínú 36. Oṣù 10 tó kù wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa rí ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì. Categorical sábà máa ń dà á sí wọ́ọ̀dù àti ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an). Primary care tó bá mọ ohun tó ń ṣe á dà á sí kílíníìkì.

Ilé ìwòsàn púpọ̀ kì í da wọ́ọ̀dù àti kílíníìkì pọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà mọ́. Wọ́n á ní 4+1: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní kílíníìkì. Àwọn kan ń ṣe 6+2, àwọn kan 3+1. Ọ̀sẹ̀ kílíníìkì kan ní ìdajì ọjọ́ mẹ́wàá, àárọ̀ márùn-ún àti ọ̀sán márùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni resident fi ń rí aláìsàn tirẹ̀. Díẹ̀ ń lọ sí kílíníìkì àwọn onímọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan lè wà fún ìwé kíkọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “4+1 ni àwa ń ṣe” kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Àwa tí à ń gbà á nímọ̀ràn ní kó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ chief resident (olórí àwọn resident) ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan: nínú ọ̀sẹ̀ kílíníìkì kan, ìdajì ọjọ́ mélòó ni òun máa fi rí àwọn aláìsàn tí orúkọ wọn wà lábẹ́ òun? Kó sì bẹ̀ wọ́n fún tábìlì iṣẹ́ ọdún kìíní títí dé ìkẹta. Connecticut, Michigan àti New York fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ohio fi ti ọdún kìíní nìkan ránṣẹ́. Pennsylvania kò fèsì.

(Ọ̀rọ̀ aago, kí a má gbàgbé. Àwọn ìpínlẹ̀ márààrún yìí ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà máa ń yí aago padà, àwa kì í yí tiwa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ New York jẹ́ aago kan ọ̀sán ní Àkúrẹ́ títí di ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2024. Láti ọjọ́ náà, ó di aago méjì. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kò pa á lára, ó kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo. Ní oṣù kẹta tí aago wọn bá tún sún síwájú, ẹni tí kò kíyè sí i ló máa pẹ́ dé.)

Bí a ṣe ṣírò ìdajì ọjọ́ tó máa fi rí aláìsàn tirẹ̀ nìyí. Connecticut categorical: 4+1, ìdajì ọjọ́ 4 nínú ọ̀sẹ̀ kílíníìkì. Ọ̀sẹ̀ 52 tí a bá pín sí ọ̀nà 5 á fún wa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kílíníìkì 10 lọ́dún. 10 lọ́nà 4 jẹ́ 40, ọdún mẹ́ta jẹ́ 120. Connecticut primary care: ìdajì ọjọ́ 5 ni tiwọn, ìyẹn 50, wọ́n sì tún yọ ọ̀sẹ̀ 8 kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, ìdajì ọjọ́ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 32. Ó di 82 lọ́dún, 246 ní ọdún mẹ́ta. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ilé ìwòsàn kan náà.

New York ló yà wá lẹ́nu. Categorical rẹ̀ jẹ́ 120. Primary care rẹ̀ jẹ́ 140, nítorí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi kún un ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ọdún kẹta, ìdajì ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, fọ́tò àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lójú òpó ni. Michigan tí kò pe ara rẹ̀ ní primary care rárá ń ṣe 6+2: ọ̀sẹ̀ kílíníìkì 13 lọ́dún, ìdajì ọjọ́ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 52 lọ́dún, 156 ní ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá fi orúkọ ara ilẹ̀kùn yan New York ju Michigan lọ nítorí pé ó fẹ́ kílíníìkì, kílíníìkì gan-an ló máa pàdánù.

Kí òǹkàwé lè ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n: ṣáájú òfin 2022, ìdajì ọjọ́ 130 ni ACGME ń béèrè fún gbogbo residency náà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tàn ká ó kéré tán oṣù 30. 120 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lónìí, nítorí kílíníìkì àwọn onímọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan náà wà nínú oṣù 10 tí òfin tuntun ń kà. Àmọ́ kò pọ̀. Ìṣirò wa kò sì tíì yọ ìsinmi. Ẹ béèrè inú èwo ni wọ́n ti ń yọ ọ́, nítorí níbi tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti ń jáde láti inú ọ̀sẹ̀ kílíníìkì, 10 ti di 7 nìyẹn.

Iye nìkan kò tó

Ìdajì ọjọ́ tí kò ní olùkọ́ nínú, ì báà jẹ́ 246, ìyà ni. Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní primary care exception. Resident tó bá ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ lè rí aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, kí dókítà àgbà má sì fojú kan aláìsàn náà, síbẹ̀ kí wọ́n gba owó iṣẹ́ náà. Àmọ́ dókítà àgbà kan kò gbọ́dọ̀ mójú tó ju resident mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lákòókò yẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa á mọ́, ẹ ó rí ẹni tẹ́ ẹ máa sáré bá lọ béèrè ọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi mẹ́rin ṣe méje, resident á to sí kọ́rídọ̀ bí ẹni tó wá gba epo, aláìsàn á sì máa wo aago.

Èyí tí àwọn tó ń lọ kì í rántí béèrè ni àpótí ìfiránṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò ń wọ̀, ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń béèrè fún oògùn tó tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí dókítà wọn. Bí resident bá wà ní ICU fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ta ló ń ṣí i? Ní Connecticut, wọ́n kó resident jọ ní márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá wà ní kílíníìkì lọ́sẹ̀ náà ló ń ṣí ti àwọn mẹ́rin yòókù, bí 4+1 ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Michigan ní nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ìdáhùn New York ni pé olúkúlùkù máa ń gbìyànjú lálẹ́. Irú ibẹ̀ ni èsì potassium 6.1, tó léwu, ti ń sùn mọ́jú kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ó tún yẹ kí a béèrè nípa oṣù kẹfà. Resident ọdún kẹta á lọ, aláìsàn rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun ní oṣù keje. Bí kò bá sí ìwé tó sọ ẹni tó léwu jù lọ, ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì jáde, ẹni tó yẹ kó ti ṣe colonoscopy (àyẹ̀wò inú ìfun), àwọn wọ̀nyẹn ló máa sọnù.

Ìyá ẹlẹ́ja

A béèrè ohun tó fi mọ̀ pé kílíníìkì ni òun fẹ́. Kò bá wa sọ̀rọ̀ ìfẹ́ aráàlú rárá. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá náà wá, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 186/104. Ó tú oògùn jáde láti inú náílọ̀n dúdú sórí tábìlì: amlodipine 5 mg tó ku mẹ́ta nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, lisinopril tí ìdajì rẹ̀ ti lọ, àti páálí kan tí wọ́n ti ya orúkọ kúrò lára rẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ máa ń lo eléyìí, mà?”

“Tórí bá ń fọ́ mi ni, dókítà mi.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ìyẹn? Ìyẹn ń mú mi wúkọ́ ṣáá. Àwọn oníbàárà mi ní kí n lọ yẹ TB wò.”

Ẹni tó rí i tẹ́lẹ̀ ti kọ ọ́ sórí fáìlì pé kì í lo oògùn. Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí lisinopril ń dí lọ́wọ́ nínú ara náà ló ń fọ́ bradykinin; tí wọ́n bá dí i, bradykinin á kó jọ, ọ̀fun á máa rin èèyàn, ikọ́ gbígbẹ á sì bẹ̀rẹ̀. Dókítà wa yí i sí losartan 50 mg, ó gbé amlodipine lọ sí 10 mg, ó da páálí aláìlórúkọ nù, ó sì ní kí ìyá náà máa lo méjèèjì kó tó gbé igbá ẹja rẹ̀ jáde láràárọ̀, orí fọ́ tàbí kò fọ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó wálẹ̀ sí 136/84.

Ó ní nígbà tí òun bá gba ẹni tí DKA (àtọ̀gbẹ tó le dójú ikú) gbé wọlé, tí òun fún un lómi àti insulin, tí ojú rẹ̀ là kí ilẹ̀ tó mọ́, inú òun máa ń dùn gan-an; ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun kì í rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ti ìyá ẹlẹ́ja, òun mọ iye ọmọ tó bí, òun mọ èyí tó wà ní Oǹdó nínú wọn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju gbogbo personal statement tó kọ lọ. A ní kó lọ tún un kọ, kó fi ìyá yìí sínú rẹ̀. Kò ráyè, ìwé ti lọ.

Ọkàn tí Dádì ń sọ

Ẹni tó bá gba ọ̀nà primary care lè wá fellowship cardiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọkàn tó ń tẹ̀lé residency, nítorí ohun tí cardiology ń béèrè ni residency internal medicine tó pé, èyí náà sì ni. Kàlẹ́ńdà ni ìṣòro. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ní oṣù keje, ni wọ́n ń fi ìwé fellowship ránṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni èsì rẹ̀ ń jáde. Ìyẹn ni pé lẹ́tà àwọn onímọ̀ ọkàn àti iṣẹ́ ìwádìí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọdún kejì tó parí. Ọ̀sẹ̀ 8 tí Connecticut ń yọ lọ́dọọdún fún kílíníìkì, inú àkókò tí ẹlòmíràn fi ń jókòó ti onímọ̀ ọkàn ló ti ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di àárín ọdún kejì kó tó rántí ọkàn ti pẹ́, ì báà jẹ́ categorical. Àmọ́ ẹni tó wà ní categorical máa ń bá onímọ̀ ọkàn pàdé ní wọ́ọ̀dù láìwá a. Ẹni tó wà ní primary care ní láti lọ wá a fúnra rẹ̀. Bí ìdíwọ́ náà ṣe tó kò jù báyìí lọ, kò sì kéré.

Físà tún wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ilé ìwòsàn náà ń gba J-1, físà ẹ̀kọ́ tí ECFMG ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Pennsylvania ń fẹ́ H-1B, físà iṣẹ́ tó béèrè kí èèyàn ti yege Step 3, dókítà wa kò sì tíì ṣe é. (Láti oṣù kẹsàn-án 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bu $100,000 lé ìwé H-1B tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka èyí lónìí má fi ọkàn lé ọ̀nà yẹn. Òfin físà fún ọmọ Nàìjíríà lápapọ̀ ti le ju bó ṣe wà lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀.)

J-1 ní kí èèyàn padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àyàfi tó bá rí waiver (ìwé tó yọ ọ́ kúrò nínú dandan náà). Ọ̀nà tí dókítà ń gbà jù ni Conrad 30: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè 30 lọ́dún, ẹni tó bá gbà á á ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ní agbègbè tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ fún àwọn tó ń ṣe primary care. Ẹnì kan ti sọ fún dókítà wa pé nítorí èyí, dandan ni kó gba ọ̀nà primary care. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó parí categorical tó sì gba iṣẹ́ kílíníìkì internal medicine, primary care ni wọ́n kà á sí. Hospitalist, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù nìkan, ni ìpínlẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí: àwọn kan kà á mọ́ primary care, àwọn kan kà á mọ́ spẹ́ṣálíìsì. Ẹni tó bá lọ ṣe cardiology lẹ́yìn náà, láàárín àwọn spẹ́ṣálíìsì ló máa tò sí. Kí a tún rántí pé J-1 kì í sábà kọjá ọdún 7: residency 3, cardiology 3, ó ku ọdún kan péré.

Títò rẹ̀

Ìmọ̀ràn méjì tí kò dáa ti wọ̀ ọ́ létí. Èkíní ni pé kó fi ilé ìwòsàn tó kọ̀wé dídùn sí i ṣe àkọ́kọ́. Èkejì ni pé bó bá fi primary care Connecticut ṣáájú categorical Connecticut, ó ti ba èkejì jẹ́ nìyẹn. Ìṣirò tí NRMP ń lò, tí Alvin Roth àti Elliott Peranson tún ṣe ní àwọn ọdún 1990, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá àyè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ibi tó tò sí àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ tàbí tí àwọn tí wọ́n fẹ́ jù ú lọ ti kún ibẹ̀, ó gbé e lọ sí ìkejì, ibẹ̀ ni yóò sì ti bá a du àyè bíi pé ibẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́. Títo ibi tó ga sókè kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó léwu ni kí èèyàn to ibi tí kò lè lọ, nítorí ibi tí match (ìpín NRMP) bá gbé èèyàn dé, àdéhùn ni.

Ìwé tó fi sílẹ̀ rèé: Connecticut primary care, Michigan, Connecticut categorical, Ohio, New York primary care, New York categorical. Ó yọ Pennsylvania kúrò nítorí Step 3. A jiyàn lórí ìkejì àti ìkẹta. Ẹnì kan nínú wa ní kó fi Connecticut categorical ṣe ìkejì, nítorí wọ́n sọ fún un pé resident lè kọjá sí primary care lẹ́yìn ọdún kan bí àyè bá ṣí. Àwa yòókù kò gbà. Bí àyè bá ṣí kì í ṣe àyè, 52 lọ́dún tó wà nínú tábìlì sì dára ju 82 lọ́dún tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ lọ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dá a, ó gbé Michigan sókè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 21 oṣù kẹta 2025, Michigan ló jáde. Dádì pe gbogbo ẹbí pé categorical ni, pé àwọn ti gbà á lọ́wọ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Fún DS-2019 tí wọ́n fi ń gba J-1, ó ní láti gba Statement of Need (ìwé tó sọ pé Nàìjíríà nílò dókítà ẹ̀ka náà) lọ́dọ̀ Ministry of Health ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé àdéhùn ilé ìwòsàn mu, ìyẹn Internal Medicine lásán, láìfi general tàbí primary kún un. Orúkọ pẹ̀lú, bó ṣe wà nínú páṣípọ́ọ̀tù.

Ohun tó kù ni oṣù 6 tí òfin ní kí resident fi ṣe ohun tó wù ú. Michigan gbà kí ó fi ọ̀sẹ̀ 8 nínú rẹ̀ sí kílíníìkì ní ọdún kejì, ọ̀sẹ̀ 8 ní ọdún kẹta, ìdajì ọjọ́ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn fi 64 kún 156, ó di 220, kò jìnnà sí 246 ti Connecticut. Ó tún béèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọkàn, ó sì ní kí wọ́n fi í sí ìparí ọdún kìíní, kí ẹni tó máa kọ lẹ́tà lè ti mọ̀ ọ́n dáadáa kí oṣù keje ọdún kẹta tó dé, bó bá ṣì ń wù ú nígbà yẹn.